Orúkọ Méjì Lórí Ilé Kan

Ilé tí mò ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, orúkọ méjì ló wà lórí ìwé rẹ̀. Kò sí tèmi níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbá ilẹ̀ rẹ̀, tí mo fi nu fèrèsé rẹ̀, tí mo fi ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láràárọ̀ kí n tó sáré bá bọ́ọ̀sì, mi ò sì ronú kan ìwé kankan. Ta ló ń ronú kan ìwé ilé nígbà tí orí ọkọ rẹ̀ bá wà lórí ìrọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀?

Thamesmead ni ilé náà wà, ní apá ibi tí èèyàn ti lè rí ògiri Belmarsh láti yàrá òkè. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo rò pé ilé iṣẹ́ ńlá kan ni. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀wọ̀n ni, kò tíì pẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ. Mo ní kí ló dé tó fi lọ ra ilé síbi tí ẹ̀wọ̀n á máa wojú wa. Ó ní ibi tí agbára òun mọ nìyẹn, àti pé ẹni tí kò bá jalè, kí ló kàn án. Síbẹ̀, mi ò fẹ́ràn ògiri yẹn. Bí mo bá ń sá aṣọ, mo máa ń kẹ̀yìn sí i.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nílùú yìí kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi nílé, mo sì ti gbára dì. Ìdákẹ́jẹ́ ló bà mí lẹ́rù. Lóṣù kejì tí mo dé, ọkọ obìnrin òyìnbó tó ń gbé ilé tó kángun sí tiwa kú. Ọkùnrin méjì tó wọ kóòtù dúdú ló wá gbé e jáde láàárọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé àga. Lọ́jọ́ kejì, mo rí obìnrin náà tó ń ti agolo ìdọ̀tí rẹ̀ síta bó ṣe máa ń ṣe. Ẹnikẹ́ni ò wá jókòó tì í. Kò sí ẹ̀gbọ́n ọkọ, kò sí àbúrò ọkọ, kò sí ẹni tó wá ti yàrá kankan pa.

Mo bi ọkọ mi pé àwọn ẹbí ọkùnrin náà ńkọ́. Ó ní wọn ò ní wá.

"Ta ló wá nilé báyìí?"

"Obìnrin yẹn ni," ó ní. "Orúkọ àwọn méjèèjì ló wà níbẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ló nilé. Bí òfin wọn ṣe rí nìyẹn."

Àánú obìnrin náà ṣe mí. Mo se ìrẹsì, mo gbé e lọ fún un. Ó gbà á lẹ́nu ọ̀nà, ó dúpẹ́, ó tilẹ̀kùn. Mo wí nínú ara mi pé ẹni tí kò léèyàn nìyí. Mi ò tíì gbọ́n nígbà yẹn.

Kí n sọ bí orúkọ méjì ṣe dé orí ilé wa. Ìyá ọkọ mi bí ọkùnrin mẹ́ta. Àgbà wọn ni mò ń pè ní Brọ̀dá Àgbà, torí ìyàwó ilé kì í pe orúkọ àwọn ọkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹni tí a bá nílé ọkọ, ọkọ ẹni ni. Òdìkejì odò ni wọ́n ń gbé, ní North Woolwich, àwọn àti ìyàwó wọn, Àǹtí Rẹ̀mí, tó jẹ́ ìyálé mi. Ọkọ mi ló tẹ̀lé wọn. Èyí tó kéré jù wà ní Birmingham, ó ń wa bọ́ọ̀sì. Kí ìyá wọn tó kú, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó kúrò nílé, ìyá náà ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́wọ́ lé ikùn òun níbi tí òun ti gbé wọn, kí wọ́n búra. Ó ní "tèmi, tèmi" ló tú ilé bàbá wọn ká. Ó ní kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa dá nilé láàárín wọn. Ilé tí ẹnikẹ́ni bá ní, kí orúkọ ọmọ ìyá rẹ̀ kan wà níbẹ̀. Wọ́n búra.

Nítorí náà, nígbà tí ọkọ mi fẹ́ ra ilé, ó fi orúkọ Brọ̀dá Àgbà síwájú, ó fi tirẹ̀ tẹ̀lé e. Brọ̀dá Àgbà ò mú kọ́bọ̀ wá. Ọ̀wọ̀ ni. Ọkọ mi àti èmi là ń san mọ́gééjì, gbèsè ilé náà. Ó sọ fún mi pé lọ́yà tó bá wọn ṣe ìwé náà bi wọ́n bóyá kí ìpín kálukú dá dúró ni, àbí kó jẹ́ ọ̀kan. Ọkọ mi ní kó jẹ́ ọ̀kan. Kí ló tún kù tí wọ́n ń bi wọ́n? Ṣebí ọmọ ìyá ni wọ́n. Nígbà tó ń ròyìn ẹ̀ fún mi, ẹ̀rín ló ń fi ọ̀rọ̀ lọ́yà yẹn rín.

Ní ọdún kẹrin wa níbẹ̀, ọkọ mi, Bàbá Mojí, fi ìṣó lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì rẹ̀. Mo rí i, mo ní àwọn ará ibi iṣẹ́ ò jẹ́ kó jẹun ni. Mẹkáníìkì bọ́ọ̀sì ni, ó máa ń gbàgbé oúnjẹ. Lóṣù kejì, ó tún lu òmíràn. Nígbà tó fi máa lu ẹ̀kẹta, àwa méjèèjì ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Brọ̀dá Àgbà ni àgbà ìjọ wa, ìjọ Aládùúrà tó ń pàdé ní gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Plumstead. Wọ́n tan àbẹ́là yí ọkọ mi ká, wọ́n gbàdúrà sí omi fún un. Wọn ò ṣe é pẹ̀lú ẹ̀tàn, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ má ṣì mí gbọ́. Mo rí omijé lójú wọn. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ojú tí wọ́n fi ń sunkún náà ni wọ́n fi ń wo ilé.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, tí ọkọ mi ti lo ọ̀sẹ̀ kan ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí Woolwich Common, Brọ̀dá Àgbà wá kí wa. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n béèrè ara ọkọ mi, wọ́n sì gòkè lọ. Mo rò pé ilé ìtọ̀ ni wọ́n fẹ́ lọ. Ọmọ mi Mojí, ọmọ ọdún méje, ló sáré sọ̀ kalẹ̀ wá.

"Mummy, Big Daddy ń measure yàrá mi."

Mo dúró sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, mo gbọ́ bí tẹ́ẹ̀pù irin ṣe ń fà jáde, tó ń padà sínú ilé rẹ̀. Ó fà jáde, ó padà. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti kọ nǹkan sẹ́yìn àpòòwé kan. Mojí bi wọ́n pé, "Big Daddy, kí lo fẹ́ fi yàrá mi ṣe?" Mo bú u, mo ní ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni, kò mọ "ẹ" ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ pa á lórí.

"Ìyàwó wa," wọ́n ní, "má jẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú. Nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀. Tó bá sì ṣẹlẹ̀, èmi náà, ọkọ rẹ ni."

Mo ní ẹ ṣé, sà. Ó pẹ́ tí wọ́n ti lọ kí n tó rí i pé mo ṣì di irin àtẹ̀gùn mú.

Ọjọ́ Sunday ni mo máa ń pe ìyá mi. Ilé tíṣà kan ní àdúgbò wọn ni fóònù wà, wọ́n á sì ti jókòó dè mí. Tẹ́lẹ̀, òtútù ni wọ́n máa ń béèrè, àti bóyá Mojí ti ń jẹ iyán. Lọ́jọ́ yìí, mo sọ ti tẹ́ẹ̀pù fún wọn.

"Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀?" wọ́n ní.

"Ó wà lọ́wọ́ mi, Màámi."

"Gbogbo ẹ̀?"

Ẹni tí ejò bù jẹ rí, ekòló ń bà á lẹ́rù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá mi kú. Yàrá mẹ́fà ló wà nílé wa. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn àbúrò bàbá mi ti fi àgádágodo sí márùn-ún. Wọ́n tẹ́ ẹní fún ìyá mi nínú ẹ̀kẹfà. Nígbà tí ọ̀fọ̀ parí, àwọn àbúrò bàbá mi tò síwájú ìyá mi, wọ́n ní kó yan ẹni tó wù ú nínú àwọn láti fi ṣe ọkọ. Ìyá mi di ẹrù wọn, wọ́n fà wá lọ́wọ́, ó di ilé bàbá tiwọn. Màámi ò sọ ọ́ fún mi rí lódindi bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn.

"Opó kì í jogún ọkọ," wọ́n ní. "Òun gan-an ni wọ́n ń jogún."

Mo ní Màámi, ìlú òyìnbó la wà, òfin wọn yàtọ̀. Wọ́n ní ṣé mo ti ka òfin náà. Mi ò kà á.

Ẹni tó kà á fún mi ni bàbá òyìnbó kan tí mò ń tọ́jú ní Plumstead. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Mísítà Pẹ́rì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́, èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, tí mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ mú bí abẹ́. Ogójì ọdún ló fi jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì lọ́yà. Ìwé ilé ni iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Monday yẹn, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún fún un. Ó bi mí pé kí ló ṣe mí. Mo sọ. Ó ní kí n lọ mú ìwé náà wá.

Abẹ́ súùtánà funfun ọkọ mi ni mo ti rí i, nínú àpótí. Bàbá náà fi awò kà á, ó tún un kà. Ó ní kí n bá òun gbé tíì kúrò níwájú. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bu omi gbígbóná fún ọmọdé. Ó ní lójú òfin ilẹ̀ àwọn, àwọn ọkùnrin méjì yìí kò ní ìdajì-ìdajì. Bí ẹni kan ṣoṣo ni wọ́n rí, wọ́n jọ ni gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, kò sí ohun tó fi sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè jogún. Orúkọ rẹ̀ kàn pa rẹ́ ni. Èyí tó ṣẹ́ kù ló ni ilé, láti orí òrùlé dé ìpìlẹ̀. Kódà kí ọkọ mi kọ wíìlì, wíìlì ò ní kan ilé yẹn.

Mo ní ìyàwó rẹ̀ ni mí, a ní ìwé ìgbéyàwó.

Ó ní òun mọ̀. Ó ní ilé ẹjọ́ lè wo ojú ìyàwó, kí wọ́n ṣe nǹkan fún un lẹ́yìn ikú ọkọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn jìn, ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kì í sì í ṣe ẹni tó ni nǹkan. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ obìnrin ilé kejì wa fún un rí. Ó rán mi létí. "Òfin tó fún un ní ilé tirẹ̀," ó ní, "òun náà ló máa gba tìrẹ lọ́wọ́ rẹ. Òfin kan náà ni. Kò mọ̀ ọ́."

Lẹ́yìn náà ló sọ ti lẹ́tà. Ìlà mẹ́ta péré: kí ọkọ mi kọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé láti òní lọ, ìpín kálukú nínú ilé náà dá dúró. Kó fọwọ́ sí i, kí lẹ́tà náà sì dé ilé ẹ̀gbọ́n. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, ìdajì ọkọ mi di tirẹ̀, bó bá sì kú, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ló máa ni ín. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dé kí ọkọ mi tó kú. Ó gbé ìka kan sókè. Bí ó bá fi wákàtí kan pẹ́, kí n lọ fi dáná.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sọ́dọ̀ lọ́yà obìnrin kan ní Woolwich. Ó ní òótọ́ ni bàbá náà sọ, ó tẹ lẹ́tà náà fún mi. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nínú báàgì, láàárín ọsàn àti pìjámà.

Ọkọ mi kà á. Ó wò mí bí ẹni tó rí ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi.

"O fẹ́ kí n kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi pé ká pínyà."

"Kì í ṣe pínyà, Bàbá Mojí. Ilé ni."

"Mo gbọ́wọ́ lé ikùn ìyá mi," ó ní. Ó kọjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ kejì, kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo bó ọsàn, kò jẹ ẹ́. Mo jókòó tì í, mo ń wo bí ẹ̀rọ ṣe ń kán omi sí i lára, mo sì ń ka ẹ̀kán omi náà láì mọ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, mo bi ara mi pé irú obìnrin wo ni mo dà, tí mò ń fi ìwé lé ọkùnrin tó ń kú lọ. Nílé wa, èmi ni wọ́n á fi kọrin. Níbí, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ mí débi tí á fi kọrin mi. Mi ò mọ èyí tó burú jù.

Lọ́jọ́ Thursday, bí mo ṣe ń wọlé ni Brọ̀dá Àgbà ń jáde. Wọ́n kí mi dáadáa. Mo bá ọkọ mi tó ń wo òrùlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi béèrè kọ́kọ́rọ́," ó ní. "Wọ́n ní tí mo bá lọ, àwọn máa gba ayálégbé síbẹ̀. Ìwọ àti Mojí á kó wá sí pálọ̀ wọn ná, títí wọ́n á fi mọ ohun tí wọ́n máa ṣe nípa rẹ. Sùúrù ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n tiẹ̀ gbàdúrà sí i."

Mo fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Mú bíírò wá," ó ní. "Mo búra fún ìyá mi pé a ò ní pínyà. Mi ò búra fún un pé ọmọ mi á máa sùn ní pálọ̀ ẹlòmíì."

Ó pẹ́ lórí orúkọ rẹ̀. Ó kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ, ṣùgbọ́n òun ló kọ ọ́.

Ní àárọ̀ Friday, mo mú Mojí dé ilé ìwé, mo sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Woolwich kí n lè bá ọkọ̀ ojú omi sọdá. Kùrukùru bo gbogbo ilẹ̀. Nígbà tí mo dé èbúté, géètì wà ní títì. Ọkùnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn ní kò sí ọkọ̀, wọn ò ríran. Mi ò rí odò rárá. Mo kàn ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ kan tó ń ké láàárín rẹ̀ bí màlúù tó ṣìnà.

Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ ló kù, èyí tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà kọjá lábẹ́ odò. Mi ò gbà á rí. Mo ti sọ pé láéláé mi ò ní gbà á, pé ẹni tó bá wà láàyè ò gbọdọ̀ rìn níbi tí omi ti wà lókè orí rẹ̀. Mo sọ àtẹ̀gùn náà kalẹ̀, ó ń yí po, ó ń yí po. Nísàlẹ̀, táìlì funfun ló wà lápá ọ̀tún àti òsì, bíi ti ibi tí wọ́n ti ń wẹ òkú. Omi ń kán láti òkè. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ ara mi níwájú mi, mo tún ń gbọ́ ọ lẹ́yìn. Mo mú lẹ́tà náà mọ́ àyà, mo ń pe orúkọ ọkọ mi ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró dè mí. Mi ò mọ̀ bóyá nítorí ìfẹ́ ni, tàbí nítorí ilé. Títí dòní, mi ò lè pín méjèèjì.

Àǹtí Rẹ̀mí ló ṣílẹ̀kùn, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Brọ̀dá Àgbà ti lọ síbi iṣẹ́. Mo kúnlẹ̀ síta níbẹ̀, mo ní lẹ́tà kan ni mo mú wá fún wọn. Wọ́n wo àpòòwé náà, wọn ò tíì gbà á.

"Ti ilé ni?"

"Ti ilé ni, mà."

Wọ́n nu ọwọ́ wọn sí ìró. Wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n wo aago ara ògiri. "Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún," wọ́n ní. "Mo ti gbà á. Dìde, padà síbẹ̀ kíá."

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti fa kọ́tìnnì yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká. Nọ́ọ̀sì tó dì mí mú sọ pé aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ ló kú. Mo fọwọ́ kan kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀. Ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìsìnkú, Brọ̀dá Àgbà wá gba kọ́kọ́rọ́, àwọn àti àgbà ìjọ méjì. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ti lẹ́tà. Wọ́n ní àwọn rí i. Wọ́n ní ọ̀sán ni ó dé, nígbà tí àbúrò àwọn ti kú, lẹ́tà òkú sì ni. Ohùn wọn ò yí padà. Wọ́n ní àwọn á fún mi ní oṣù kan kí n palẹ̀ mọ́.

Lọ́yà mi ní gbogbo ọ̀rọ̀ náà ò ju wákàtí kan lọ: bó bá jẹ́ àárọ̀ ló dé, ìdajì jẹ́ tèmi àti Mojí, bó bá jẹ́ ọ̀sán, ká máa wá ibi tí a máa kó sí. Ó pè wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Brọ̀dá Àgbà dé pẹ̀lú lọ́yà tiwọn. Wọ́n mú Àǹtí Rẹ̀mí wá kí wọ́n wá jẹ́rìí. Àǹtí Rẹ̀mí jókòó sẹ́yìn wọn, wọ́n gbé báàgì ọkọ wọn lé itan. Wọn ò wo ojú mi.

Lọ́yà mi bi Àǹtí Rẹ̀mí pé aago mélòó ni lẹ́tà náà dé.

"Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀," wọ́n ní. "Mo wo aago kí n tó gbà á."

Brọ̀dá Àgbà yọ awò ojú wọn, wọ́n pa ẹsẹ̀ rẹ̀ dé, ọ̀kan, èkejì. "Ó dáa," wọ́n ní. "Ká máa lọ sílé." Bí wọ́n ṣe pe "ilé" yẹn, ara mi bù máṣọ nítorí Àǹtí Rẹ̀mí.

Bí a ṣe ni ìdajì nìyẹn. Lọ́yà ní mo lè bá Brọ̀dá Àgbà fa ìyókù, torí wọn ò san nǹkan kan sí i. Mi ò fà á. Orúkọ wọn ṣì wà lórí ìwé mi. Mo ń ti agolo ìdọ̀tí síta bí obìnrin ilé kejì mi, ẹnikẹ́ni ò sì wá jókòó tì mí. Àwọn ará ìjọ ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kí mi. Mo pe ìyá mi, mo ní Màámi, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Ìdajì, Màámi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn gbẹ̀yìn.

Ó tó oṣù mẹ́jọ kí n tó tún rí Àǹtí Rẹ̀mí. Wọ́n bá ọkọ̀ ojú omi sọdá lọ́sàn-án, wọ́n wọlé, wọn ò bọ́ kóòtù. Wọ́n mú ìwé ilé tiwọn jáde látinú báàgì nílọ́ọ̀nù, wọ́n gbé e sórí tábìlì mi, wọ́n fọwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ.

"Ìyàwó," wọ́n ní, "bá mi wo orúkọ tó wà níbẹ̀."

Mo wò ó. Orúkọ méjì ni. Èkíní, Brọ̀dá Àgbà. Èkejì, àbúrò wọn tó wà ní Birmingham. Mo wá ọ̀rọ̀ tí Mísítà Pẹ́rì ti fi ìka hàn mí nínú ìwé tiwa. Ó wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni wọ́n.

"Ṣé ara Brọ̀dá le, mà?"

"Ara wọn le." Wọ́n fa kóòtù wọn pọ̀. "Wọ́n kàn rù ni. Láàárọ̀ yìí ni mo bá wọn tí wọ́n ń fi ìṣó lu ihò sí bẹ́líìtì wọn."

Mo dìde, mo lọ mú bíírò.